Ọjà Tó Ra Iṣu, Tó Tún Ra Ẹni Tó Gbìn Ín

Ta ló ń lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gan-an? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Bí ẹ bá bi àwọn tó mọ Onitsha léèrè ibi tí àwọn tó ń ti bárò àti ọmọlanke ní Main Market ti wá, wọ́n á ní ọ̀dá òjò ló lé àwọn kan wá láti òkè Ọya lọ́hùn-ún, omíyalé ló lé àwọn mìíràn wá láti Ogbaru àti Anam. Èsì yẹn kì í ṣe irọ́. Kò kàn tẹ́ mi lọ́rùn ni.

Odò kan náà ló kan gbogbo wọn. Kí Ọya tó dé abẹ́ afárá Onitsha, ó ti gba Niamey kọjá, níbi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lọ́dún 1985. Ọ̀dá tó ṣáájú ìyẹn, tó mú gbogbo Sahel ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, sọ ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ di alárìnká, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Hamani Diori ní Niger ní oṣù kẹrin ọdún 1974. Ní ìsàlẹ̀ odò níhìn-ín, àpọ̀jù omi ni wàhálà. Omíyalé ọdún 2012 lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé káàkiri Nàìjíríà. Ní 2022 ó tún dé, ọkọ̀ ojú omi kan sì dojú dé ní Ogbaru ní oṣù kẹwàá, èèyàn 76 ló bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbẹ̀ Ogbaru ní oṣù kẹjọ. Iṣu ṣì wà nínú ebè, kò tíì gbó dáadáa, wọ́n sì ti kéde pé omi ń bọ̀. Ó ń wà á. Aládùúgbò rẹ̀ ń wà á. Ẹ̀gẹ́ ò gbọdọ̀ dúró rárá, nítorí bí omi bá bò ó, kò ní í pẹ́ jẹrà, nítorí náà ìyàwó ilé ti ń rẹ ẹ́ fún fùfú, ó ń yan gàrí tọ̀sán-tòru. Gbogbo abúlé kó tiwọn dé èbúté Onitsha láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Alájàpá tó dúró létí omi mọ̀ pé olóko ò ní ibi tó lè gbé e padà sí. Iye tó bá wù ú ló máa dá lé e.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ní Maradi àti Zinder ní Niger. Bí òjò bá kọ̀, tí jéró ò yọmọ, ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ẹran ti rù, gbogbo èèyàn ló sì ń ta tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Owó ẹran á já wálẹ̀, owó jéró á gun òkè. Amartya Sen, ọmọ Íńdíà nì, ti ṣàlàyé rẹ̀ tipẹ́ pé ìyàn lè mú níbi tí oúnjẹ wà lórí àtẹ, bí ẹni tí ebi ń pa kò bá ti ní ohun tó lè fi rà á.

Ibi tó ká mi lára jù ni ti ebu. Ẹni tó bá ti dáko iṣu rí mọ̀ pé apá kan wà tí a kì í jẹ, tí a kì í sì í tà, nítorí òun la ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ ń gbóná, owó ilé ìwé dé, owó ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Bàbá yọ díẹ̀ nínú ebu. Ó tún yọ díẹ̀. Nígbà tí omi bá fà ní oṣù kọkànlá, ẹrẹ̀ tó fi sílẹ̀ á dúdú minimini, kò sí ilẹ̀ tó dára tó o fún iṣu, àmọ́ kí ló fẹ́ gbìn? Ó yáwó elélé láti fi ra ebu. Ọdún kejì, omi gbé ti ẹ̀yáwó lọ. Ìyẹn ló mú un gba yàrá kan ní Okpoko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha, tó wá ń fi bárò kó iṣu tí wọ́n gbé wá láti Zaki Biam.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń pariwo pé ká padà sóko. Láti ìgbà Operation Feed the Nation ní 1976 ni a ti ń gbọ́ ọ, bíi pé afẹ́ ìlú ló fa ọkùnrin yẹn wá sí Okpoko. Ó mọ ọ̀nà oko rẹ̀ dáadáa. Ìrànwọ́ tí mo sì máa ń rí nínú fọ́tò lẹ́yìn omíyalé, àpò ìrẹsì ni, mátírẹ́ẹ̀sì ni, ìpara ẹ̀fọn ni. N ò lòdì sí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan já ebu ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdílé sílẹ̀ ní èbúté Ogbaru ní oṣù kọkànlá, kí a wá wo iye bárò tí yóò ṣẹ́ kù láìní ẹni tí yóò tì í ní Main Market.