Gbèsè Tí A Jẹ Ẹni Tí Ó Gbà Wá Gbọ́

Bí olùkọ́ bá ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, tí àwọn ọmọ sì gbà á bẹ́ẹ̀, ohun tí ó burú jù tí yóò ti ibẹ̀ wá ni pé wọn yóò gba òdo nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ara akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò san owó àṣìṣe olùkọ́. Iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń ṣe, mo sì ti jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, abẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Kalpohin, ní ìlú Tamale ní àríwá Gánà, ni mo ti kọ́kọ́ bi ara mi léèrè pé: kí ni a jẹ ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ kí òun tìkára rẹ̀ tó mọ̀?

Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó gbà mí lálejò níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, Tamale ni wọ́n sì ti ń tajà títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí nígbà tí wọ́n kó wọn padà sílé. Nígbà tí ó dàgbà, ó tún wá ọ̀nà padà sí ibi tí a gbé bí i. Ìtàn yẹn tó ìwé kan lọ́tọ̀, n kò sì ní lè sọ ọ́ níhìn-ín. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún, ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

Ọmọ yìí fẹ́ràn ọrun àti ọfà, ó sì ti rí àwòrán bí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà kan ṣe ń fi gàárì gun igi. Àwọn ọdẹ tiwa náà mọ̀ pé ẹran kì í sábà gbójú sókè, wọ́n sì ti ń jókòó sórí igi de ẹran láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó ṣàjèjì nínú ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé wọn kò jókòó lé ẹ̀ka rárá. Bẹ́líìtì gbígbòòrò tí ó gbá ìdí àti itan mọ́ra ni wọ́n ń pè ní gàárì. Bí ọdẹ bá ń gùn lọ, okùn kan yóò ti ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún yí igi ká dé ti òsì. Bí ó bá dé ibi tí ó fẹ́, yóò so okùn kejì mọ́ igi lókè orí rẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ti igi, yóò sì jókòó sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sórí àga. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo láti fa ọrun. Bí àgbọ̀nrín bá sì ń bọ̀, yóò rọra yí sí ẹ̀yìn igi, igi yóò sì bò ó.

Oṣù kẹsàn-án ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ni òfin Gánà ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀, yàtọ̀ sí ti ọ̀yà tí ó ní ìlànà tirẹ̀, kí àwọn ẹranko lè ráyè bímọ. Nítorí náà àpò koríko ni ọmọ náà ń ta lọ́fà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ igi gùn kí àkókò tó tó. Ó ti fi bẹ́líìtì tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń di ẹrù rán gàárì kan. Ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ní igbà ni àwọn ará ilé wa fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi.”

Mo sì kọ́ ọ. Mo ní ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù tí ó dì mọ́ igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ kò ti ẹsẹ̀ mọ́ igi mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìn ti okùn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró. Òtítọ́ ni. Mo ṣàlàyé kókó tí ó wà ní ìbàdí rẹ̀, èyí tí à ń fi orúkọ Karl Prusik, ará Austria, pè láti ọdún 1931: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wé mọ́ okùn nínípọn, tí ó ń sún bí a kò bá gbára lé e, tí ó sì ń ge okùn jẹ bí a bá gbára lé e. Mo tilẹ̀ fi igi ya àwòrán rẹ̀ sórí ilẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gun igi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú àyà mi, mo kígbe pé, “Má dì mọ́ igi. Fẹ̀yìn ti okùn!” Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣe bí mo ti wí.

Kókó náà yọ̀. Okùn tí ó wé nípọn bákan náà pẹ̀lú èyí tí ó wé e mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó sì wé e. Ohun tí ó wà lójú mi gbangba ni, ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ya àwòrán sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn lulẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Bàbá rẹ̀ kò bá mi wí, ó kàn gbé òrí jáde, ó ń fi í ra ọwọ́ náà. Ọmọ náà ni ó béèrè, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gun ọ̀pẹ rí?” N kò gùn ún rí.

Ní yunifásítì tí mo lọ lókè òkun, a ka ìwé tí Gilbert Ryle kọ ní 1949, nínú èyí tí ó fi ìyàtọ̀ sáàrin kí a mọ̀ pé nǹkan rí báyìí àti kí a mọ nǹkan náà í ṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ó ń dùn mí. Àwọn tí ó súnmọ́ ọn ni Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, tí wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1986. Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń pè ní ìmọ̀ ni èyí tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Èyí tí a sọ fún un, ìbáà ti inú ìwé wá, ìgbàgbọ́ ni: ó gbà á, ó gbọ́ ọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n wọn wọ̀n mí, n kò mọ nǹkan kan nípa igi gígùn. Mo gbà á gbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kì í ṣe irọ́. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ ni irọ́, nítorí ohùn ẹni tí ó ti débẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn lè wí pé bí a kò bá ní kọ́ni àyàfi ohun tí a fojú rí, kí a kúkú ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ta ni nínú wa ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn tí ó parí ogun Kírìjì ní 1886? Mo gbà. Ẹni tí ó ń kọ́ igi gígùn pàápàá kò lè ní ìmọ̀ ṣáájú ìgbàgbọ́. Kò sí bí ó ti lè fojú rí i pé okùn yóò gbé òun kí ó tó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò sì mú un gbé e. N kò bá ìgbàgbọ́ jà. Ẹni tí a gbà gbọ́ ni mo ń wò.

Akọ̀pẹ ni àbúrò bàbá mi. Kò lè ṣàlàyé ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń dúró lára ọ̀pẹ, kò sì wù ú láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọ́ ọmọdé, ìwọ̀n orúnkún ni ọmọ náà yóò máa gùn fún ọjọ́ púpọ̀. Ní àràárọ̀ yóò fi ìka tọ igbà ọmọ náà láti orí dé ìdí, yóò sì fi igbà yẹn gan-an gun ọ̀pẹ, yóò gbé gbogbo ara lé e, yóò jì í lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́. Lójú mi nígbà náà, ó ń fi àkókò ṣòfò ni. Ìwé ni mo sì ń bá lọ ní tèmi.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àbẹ̀wò pé kí olùkọ́ pín kíláàsì rẹ̀ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Ọmọ ọgọ́rin wà nínú òmíràn nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyí, àga kò sì tó ogójì. N kò kọ́ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí fún odindi ọjọ́ kan. Àwọn olùkọ́ náà a wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, wọn a ní “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” wọn a sì fẹ̀yìn ti okùn. Bí ó ti rí fún wọn lẹ́yìn náà, n kò mọ̀. Ọkọ̀ mi ti lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ náà ti rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan rà lọ́jà. Ó wé e dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a dì kò jẹ́ kí ó lè gùn. Mo ní kí ó gbé gàárì náà fún mi. Ó so ó mọ́ mi ní ìbàdí, ó tọ kókó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ tí ó dá ṣáṣá rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara rẹ̀. Mo gun igi náà dé ìwọ̀n orúnkún, mo sì dì mọ́ ọn tọwọ́ tẹsẹ̀, èmi tí mo mọ ìdí tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, èèpo igi bó mi ní àgbọ̀n.

“Ẹ fẹ̀yìn tì í, Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí láti ẹ̀yìn mi. “Mo ti fi ara mi dán an wò.”

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó lè ṣe é.