Ǹjẹ́ Ẹni tí Ó Jẹ Ilé ní Gbèsè Lè Jókòó Wo Eré?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mélòó kan. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo pẹ́ dé ìpàdé àwa ọmọ ìlú tí a máa ń ṣe ní Dallas níhìn-ín. Mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ òtítọ́ fún ilé pé Arlington ni èmi àti ọmọ mi ti ń bọ̀, pé a lọ wo àwọn Texas Rangers. Bàbá kan láàrin wa, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ìwọ yìí, ṣé eré wíwò ni o bá wá sí Amẹ́ríkà?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Ní Denton, ìlú tí ó wà ní apá àríwá Dallas, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gboyè. Nínú iṣẹ́ wa, kò sí owó tí kò ní ìlà tirẹ̀: èyí tí ó wọlé, èyí tí ó jáde, èyí tí a jẹ ènìyàn, èyí tí ènìyàn jẹ wá. Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìwé tí mo fi ń ṣírò owó ilé mi jáde. Owó ilé wà níbẹ̀, owó mọ́tò wà níbẹ̀, owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lóṣooṣù wà níbẹ̀. Mo wá ìlà tí mo kọ owó tíkẹ́ẹ̀tì eré sí títí, n kò rí i. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ná an láìkọ ọ́ sílẹ̀. Oníṣirò tí ó bá ń fi owó pamọ́ fún ìwé ara rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti ń dá a lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Kí n tó dá Bàbá lóhùn, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọdún 1994. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ní Ìbàdàn. Tíṣà ni bàbá mi, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í tètè dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ tí àwọn ará ìlú ti dìbò yàn ní ọdún tí ó ṣáájú, ìjọba Abacha sì ń wá a kiri. Ara ẹnikẹ́ni kò balẹ̀. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà lọ sí Ìdíje Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bulgaria ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ní pápá Cotton Bowl, ní Dallas. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìlú tí mo ń gbé báyìí.

Òru ti kọjá ìdajì lọ́dọ̀ tiwa kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí ó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò ju lítà mẹ́rin lọ, bàbá mi sì ní kí a fi í pamọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ọ̀la máa bí. “Ilé ẹni kì í jó kí á máa lé eku,” ni ó wí, ó sì wọ yàrá lọ. Màámi kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n da epo sínú jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní kí n fà á. Kí n tó padà wọlé, àwọn ará ilé kejì ti kún pálọ̀ wa.

Nígbà tí eré di ìṣẹ́jú 21, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí àárín, Rashidi Yekini sì gbá a wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ rí i kò lè gbàgbé láéláé. Ó sáré wọ inú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ihò rẹ̀, ó ń mì í, ó ń sunkún, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé nìyẹn. Nígbà tí Daniel Amokachi gbá ìkejì, bàbá mi ti jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìbora léjìká. Nígbà tí Emmanuel Amunike gbá ìkẹta, wọ́n ti jókòó.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n mú Abíọ́lá. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù fún Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí ó kúrò ní Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ẹni tí ó fún wa ní ayọ̀ lóru ọjọ́ náà ti jẹun rí lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba ń dọdẹ rẹ̀. Bàbá mi kò dárí ji ara wọn pé àwọn jáde wá wò ó. Wọ́n ní àwọn sójà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé ìlú tí ó bá ń pariwo “góòlù” kò ní gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tí wọ́n ń já. Wọ́n jàre. Láti ayé àwọn ọba Róòmù ni àwọn aláṣẹ ti ń fi eré àti oúnjẹ rẹ ará ìlú lẹ́kún. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, àwọn òṣìṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tí Roberto Baggio fi gbá góòlù sí wa nílé ní ọjọ́ kejì, tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, rédíò oníbátìrì ni a fi gbọ́ ọ. Kò sí epo tí Màámi lè bù mọ́.

Síbẹ̀, bí mo bá wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, bàbá mi jàre nípa àwọn sójà, ṣùgbọ́n wọn kò jàre nípa Màámi. Bí lítà mẹ́rin yẹn bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì títí di òní, wọn ì bá ṣì mú Abíọ́lá náà. Màámi kò sì gbàgbé ohunkóhun nítorí eré. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi wà lọ́jà, tí wọ́n ń wádìí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó.

Èmi ni mo wá ṣe ọmọ bàbá mi nígbà tí mo dé ìhín. Ọdún 2006 ni mo dé, ọdún méje sì kọjá kí n tó fi ojú mi rí Cotton Bowl, bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ilé mi ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú mọ́tò. Mo ń kàwé, mo ń ṣiṣẹ́ òru, mo ń fowó ránṣẹ́. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn pé n kò mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní gbogbo Texas. Ní ọdún 2014 bàbá mi kú. Oṣù kẹta ni, ìgbà tí iṣẹ́ owó orí ń gbóná, tí gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó pé. N kò lọ sin wọ́n. Ẹgbẹ́ wa bá mi kẹ́dùn, wọ́n dá owó fún mi, Bàbá tí mo ń sọ yìí ló gbàdúrà. Kò sí ẹnì kan nínú ilé tí ó bi mí pé, “Ìwọ yìí, ṣé iṣẹ́ ṣíṣe ni o bá wá sí Amẹ́ríkà?”

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù ẹjọ́ náà síwájú yín, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń wẹ ara mi mọ́. Nígbà tí ọmọ mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo eré. Bésíbọ́ọ̀lù ni mo yàn, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ (títí di òní, àwọn òfin rẹ̀ kan wà tí kò yé mi), bí kò ṣe nítorí pé ó lọ́ra. Ènìyàn lè sọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta níbẹ̀ láìpàdánù ohun púpọ̀. Ọmọ tí kì í sọ ju “ó dára” lọ nígbà tí mo bá bi í léèrè nípa iléèwé, níbẹ̀ ni ó ti ń sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Ní ọdún 2023, ọdún tí Rangers gba ife World Series fún ìgbà àkọ́kọ́, a wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ mi ń sọ fún mi nípa àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Fóònù mi dún. Àbúrò mi obìnrin ni. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, agogo méjì òru ni ní Ìbàdàn, ẹ sì mọ̀ pé ènìyàn kì í pe ènìyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti kí i lásán. Mo wo fóònù náà, mo dá a padà sápò. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí n tó pè é padà.

Màámi ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, wọn kò sì fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀ àyàfi kí wọ́n kọ́kọ́ san owó. Aládùúgbò kan ló yá àbúrò mi lówó náà. “Bùọ̀dá mi, mo pè yín títí,” ni ó ń wí. Wọ́n yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀: owó tíkẹ́ẹ̀tì wa méjèèjì àti oúnjẹ tí a jẹ ní ọjọ́ náà fi díẹ̀ ju owó tí wọ́n ń bèèrè lọ.

Níbo gan-an ni ẹ̀bi mi wà? Ọ̀pọ̀ òru ni mo fi rò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni mo wà, fóònù mi ì bá wà nínú dúrọ́ọ̀, wákàtí mẹ́rin ì bá kọjá, gbogbo ayé ì bá sì ṣàánú mi. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi lè mú ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, kódà lẹ́bàá ibojì bàbá rẹ̀, tí kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tí ayọ̀ bá mú un kúrò fún ogójì ìṣẹ́jú, a pè é ní aláìbìkítà? Mo rò pé ó jẹ́ nítorí pé a gbà pé ará ilé ni a ń ṣiṣẹ́ fún, pé ara wa nìkan ni a sì ń gbádùn fún. N kò gba èyí gbọ́ mọ́. Iṣẹ́ tí mo jókòó tì ní oṣù kẹta yẹn, ọ̀gá mi ni mo ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi ní Arlington, ọmọ-ọmọ Màámi ni. Ẹ̀bi mi wà nínú fóònù tí mo dá padà sápò, mo sì gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni.

Gbèsè kan sì wà lọ́rùn òǹwòran tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbàdàn ni Yekini ń gbé ní àwọn ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012 ni ó kú, ọmọ ọdún 48, wọ́n sì sin ín sí Ìrá, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú wa ni ó ń gbé, n kò sì bèèrè rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo lọ kí Bàbá nílé wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìpàdé yẹn. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1994, ọjọ́ kejì eré Bulgaria, àwọn kò lọ sí ibi iṣẹ́ alẹ́, nítorí pé Hakeem Olajuwon àti Houston Rockets ń bá New York jà fún ife. Rockets gbà á. “Tìyẹn yàtọ̀,” ni wọ́n wí. “Ọmọ wa ni.” Mo ní ọmọ mi náà sunkún nígbà tí Mavericks ta Luka Doncic sí Los Angeles ní oṣù kejì ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ọmọ Slovenia ni Doncic. Bàbá mi orí, wọ́n ní ìyẹn kò yé àwọn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú yẹn fún Màámi fúnra wọn lórí fóònù. Mo rò pé wọn á bínú tàbí kí wọ́n sunkún. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ náà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú un wá sílé kí òun náà lè rí Adamásìngbà, níbi tí Shooting Stars ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ẹni méjì jẹ́ ní oṣù Kérésìmesì. Mo ti ṣí ìlà kan sínú ìwé mi báyìí fún eré, òmíràn sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ilé. N kò tíì mọ èyí tí n ó kọ ọ́ sí.