Ohùn Àyálò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ ẹ ti ronú rí lórí orúkọ tí a ń pe ọkọ̀ kékeré tí ń gbé ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún? Ayọ́kẹ́lẹ́ ni a ń pè é, èyíinì ni ohun tí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀, ará ọ̀nà a ti gbọ́ ọ kí ó tó yọ. Ṣùgbọ́n ayọ́kẹ́lẹ́ a yọ́ dé bí àlejò tí kò fẹ́ jí onílé. Lónìí, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ rò pé ó ti dákẹ́ jù, wọ́n sì ń fi ọgbọ́n orí ṣe ohùn sí i lára. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ohùn tí kì í ṣe ti ẹni, ṣé irọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ a máa gbiná lójijì ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìbúgbàù kéékèèké wọ̀nyí ni ó ń ti ọkọ̀ síwájú, àwọn náà ni ó sì ń fún un ní ohùn. Nítorí náà, ohùn ẹ́ńjìnnì jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀. Ògbólógbòó awakọ̀ a máa fi etí mọ̀ bí ara ọkọ̀ rẹ̀ kò bá dá. Ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe a sì dẹ etí sí i kí ó tó mú irin iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù, àwọn aṣe-ọkọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì di kékeré, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Wọ́n tún fi ohun tí ń gbé ariwo mì tẹ́ inú ọkọ̀. Báyìí ni ìró ńlá tí àwọn olówó fẹ́ràn ṣe rọlẹ̀. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì gbé M5 tuntun jáde, tí ìró ẹ́ńjìnnì ń ti inú gbohùngbohùn rédíò rẹ̀ bọ́ sí etí awakọ̀. Ford ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ sí Mustang kan ní ọdún 2015. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná pọ̀ sí i, èyí tí kò ní ìbúgbàù kankan nínú. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, Hyundai ti Gúúsù Kòríà gbé Ioniq 5 N jáde. Bátìrì ni ọkọ̀ yìí ń lò, kò ní jíà tí a ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń wà á bá fẹ́, yóò máa bú bí ọkọ̀ elépo, yóò sì máa ta gìrì bí ẹni pé a ń pààrọ̀ jíà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Kí ni ó burú nínú èyí? Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ mọ ohun tí ó rà. Bí ìró náà bá dùn mọ́ ọn, ta ni ó pa lára?” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ohun àfọwọ́ṣe ni irọ́. Gángan kì í ṣe ènìyàn, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀; kò sì sí ẹni tí ń pè é ní òpùrọ́, nítorí pé gbogbo wa mọ̀ pé ìlù ni. Bí ẹni tí ń tà bá sọ ibi tí ìró náà ti ń wá fún ẹni tí ń rà, kò purọ́ fún un. Bí ó bá fi í pamọ́, ó ti gba owó lórí ohun tí kò sí.

Ẹ wá wo apá kejì. Ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀ oníná yìí di ewu fún afọ́jú, ẹni tí ó jẹ́ pé etí ni ó fi ń mọ ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ afọ́jú ní Amẹ́ríkà ké gbàjarè, ìjọba wọn sì ṣe òfin, èyí tí Ààrẹ Barack Obama fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù keje ọdún 2021, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí ń lo iná mànàmáná gbọ́dọ̀ máa dún bí eré rẹ̀ kò bá ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, àti nígbà tí ó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí eré bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo táyà lórí títì ti tó ìkìlọ̀. Àfọwọ́ṣe ni ìró yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é ní irọ́? Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í dún, nítorí náà ni a ṣe so agogo mọ́ ọn. Òtítọ́ sì ni ohun tí agogo náà ń sọ: “Mò ń bọ̀, yà fún mi.”

Ohùn méjèèjì jọ jẹ́ àfọwọ́ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀kan ń wọ etí awakọ̀ láti máa kì í. Èkejì ń lọ sí etí ẹni tí awakọ̀ kò mọ̀ rí, kí ó má baà ṣe é ní jàǹbá. Nígbà mìíràn, wọn a máa bá ara wọn jà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Tesla ní láti ṣe àtúnṣe sí ọkọ̀ tí ó lé ní 500,000 ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ láti máa gbé ìró tí ó wù ú jáde síta bí ọkọ̀ ti ń lọ, èyí sì lè bo ìró ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo ń sọ. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, bí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí olùkọ́ bá béèrè pé, “Ṣé ó yé yín?”, kí wọ́n pa ohùn pọ̀ dáhùn pé, “Ó yé wa, sà!” Ìdáhùn náà a dún gbọnmọgbọnmọ, inú àwọn alábẹ̀wò a dùn, orí mi a sì wú. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, mo pe ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ ròkè ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo ní kí ó wá ṣe ìṣirò náà lójú pátákó. Ó dúró ti òun ti ẹfun lọ́wọ́, kò lè kọ ohunkóhun. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ ní kí a pariwo, sà.” N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìdákẹ́jẹ́ tí ì bá sọ fún mi pé ọmọ náà ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo ti fi ariwo bò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ohùn àyálò wà: ó lè tan ẹlòmíràn jẹ, ṣùgbọ́n ó tún ń di ẹni tí ó yá a létí sí òtítọ́.

Àwọn àgbà ní, “Aṣọ àyálò kì í yẹ ni, bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lẹ́sẹ̀, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.” Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó gbé ohùn sókè, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ó ń dún yìí? Bí kì í bá ṣe òun, ṣé ire ẹlòmíràn ni mo torí rẹ̀ dún? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ dákẹ́, kí ẹ padà sí ẹnu iṣẹ́ yín. Kò sí ìtìjú nínú bẹ́ẹ̀. Ayọ́kẹ́lẹ́ kì í pariwo, síbẹ̀ a máa gbé ni dé ibi tí a ń lọ.