Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹ̀yìn Ni Kí Á Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí nínú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà ilé tiwa ṣubú, ẹ̀yìn kọ́ ni a wò. Ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù ni a ń wá kiri. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́dún yìí nìyí: bí òbí wa bá ṣubú nílé, tí àwa wà lẹ́yìn odi, ta ni ó jẹ̀bi? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ tọ́ kí ó jẹ́ ìbéèrè yẹn ni a ó kọ́kọ́ béèrè?

Ẹni tí yóò gba ará ìlú nímọ̀ràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tirẹ̀. Ìyá wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ àbúrò wa àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwa ọmọ mẹ́ta wà ní Kánò. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé pàdé wa, ó ní, "Màmá ńkọ́ o? Ṣé ara wọn ti yá?" Ìgbà yẹn ni a tó gbọ́ pé wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà tí a pe ilé, àṣé Màmá fúnra wọn ni wọ́n pàṣẹ pé, "Ẹ má sọ fún àwọn ará Kánò o. Ẹ má kó ìpayà bá wọn."

Inú bí wa. Ọ̀kan nínú wa ní ìyàwó ni kò tọ́jú wọn. Ẹnì kejì ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, ó ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹnì kẹta ní àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá wá owó lọ ni a fà á. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ìyàwó náà lórí fóònù lọ́jọ́ náà kò dára, a kò sì lè kọ ọ́ síbí. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ. Kò tíì pé oṣù kan tó lọ tí Màmá tún fi ṣubú. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, kò sí obìnrin kankan nítòsí tí wọ́n lè ké sí. Egungun ìbàdí wọn kán. Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀bi tí a ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, àwa gan-an ni a fi ọwọ́ ara wa dá a.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà kò béèrè ẹni tó wà nílé àti ẹni tí kò sí nílé. Ó ní, "Màmá, kí ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣubú?" Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdáhùn kan náà ni: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn láti lọ tọ̀ ni, ojú wọn sì ṣókùnkùn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lè dúró padà, wọ́n wọn ìfúnpá wọn ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró. Ó já wálẹ̀ gan-an. Oògùn oorun tí Màmá ń rà fúnra wọn ní kẹ́mísì tún dá kún un. Nínú gbogbo àwa tí a ń bínú, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn rí.

Irú ìbéèrè yẹn ni àwọn olùwádìí kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé. Láàárín ọdún 2005 sí 2008, àwọn onímọ̀ ní Hebrew SeniorLife, tí Dókítà Lewis Lipsitz wà lára àwọn aṣáájú wọn, gba àgbà 765 wọlé sínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní MOBILIZE Boston. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti pé ẹni 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wo bí kálukú ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń dúró. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé ẹ̀bátí wọn, èyí tó ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ. Wọ́n ní kí wọ́n mí afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide inú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí bí èyí bá wọ ara, ó yẹ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ fẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 2010 ni pé àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn kò fẹ̀ dáadáa ni ẹsẹ̀ wọn kò yá nílẹ̀, àwọn náà ni ó sì máa ń ṣubú jù.

Kí ni ó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀? Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, ó ń gba nǹkan bí ìdá 15 sí 20 nínú 100. Bí a bá dìde dúró, nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Lára ọ̀dọ́, ọkàn a tètè yára, iṣan a fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì padà gòkè kí onítọ̀hún tó mọ̀. Ọjọ́ ogbó, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn oògùn kan lè mú kí iṣẹ́ yìí fà sẹ́yìn. Bí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá bá fi 20 já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3 tí ènìyàn dìde, àwọn dókítà kà á sí ohun tó yẹ kí á wá nǹkan ṣe sí.

Ní ọdún 1983, Lipsitz yìí kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé ìfúnpá àwọn àgbà mìíràn máa ń já wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Bí ìyá arúgbó bá jẹun tán lọ́wọ́ ìyàwó ilé, tó dìde, tó sì ṣubú, mélòó nínú wa ni kò ní sọ pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ náà? Ilé mélòó ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tú ká, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé orí ni kò tètè dé?

Ohun tó wọ̀ wá lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ àwọn ará Boston kì í ṣe ẹ̀rọ wọn. Káàdì ni. Oṣooṣù ni àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń sàmì sí káàdì kan tó dà bí kálẹ́ńdà, wọn a sì fi ránṣẹ́: ọjọ́ báyìí ni mo ṣubú, tàbí n kò ṣubú rárá. Káàdì kò bi wọ́n pé ta ni ó tì yín, ọmọ wo ni kò wá kí yín. Kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀, kò sí ìtìjú. Àgbà lè sọ ọ́ kí ilé má sì gbóná.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọjọ́ ogbó láàárín àwa Yorùbá. Àgbà 2,149 tí wọ́n ti pé ẹni 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ 8, títí dé Kwara àti Kogi. Ìṣubú wà lára ohun tí wọ́n wádìí. Ó lè jẹ́ pé òbí ẹnì kan nínú wa ti sọ fún wọn ohun tí kò sọ fún àwa ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyí. Ẹ̀bi yàtọ̀ sí ìdí. Ẹni tó ń wá ẹ̀bi, ènìyàn ni ó ń wá. Bí ó bá ti rí ẹnì kan mú, ó parí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ohun tó gbé àgbà ṣubú sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń wá ìdí kò ní sinmi títí yóò fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn tí òwe ní kí á wò, ìdí ni ó wà níbẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé, "Ṣé ẹ ń dá ọmọ tí kò bojú wo ìyá rẹ̀ láre ni?" Rárá o. Ojúṣe wà, a kò sì lè sá fún un. Ṣùgbọ́n ojúṣe ti ń ṣiṣẹ́ kí àgbà tó ṣubú. Ẹ̀yìn tó bá ṣubú tán ni ẹ̀bi máa ń pariwo. Ọ̀pọ̀ wa tí ohùn wa ń ròkè lórí fóònù, ìtìjú pé a jìnnà sílé ni a ń gbé sọ sí ẹni tó wà nítòsí lórí.

Àwọn òbí wa náà ní tiwọn. Wọ́n ń fi ìṣubú pa mọ́ nítorí ìfẹ́, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa, irọ́ náà ni, ó sì lè pa ẹni tó pa á. Síbẹ̀, àwa ni a kọ́ wọn. Bí òtítọ́ bá ti di ohun tó ń lé ìyàwó kúrò nílé, àgbà tó bá fẹ́ àlàáfíà yóò gbé e mì.

Ojútùú rẹ̀ kì í sì í ṣe pé kí á fi àgbà sójú kan bí ère. Nínú ìwádìí Boston yẹn, ara àwọn tó ń ṣubú níta gbangba le ju ti àwọn tó ń ṣubú nínú ilé lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Kí wọ́n jókòó díẹ̀ létí ibùsùn kí wọ́n tó dìde. Kí iná wà lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀. Kí á ní kí wọ́n wọn ìfúnpá wọn ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Kí á kó gbogbo oògùn wọn, títí kan àgbo, lọ han dókítà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé àwọn òbí ìyàwó náà, a dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́, ó sì padà wálé. Màmá ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí a bá pè wọ́n, ohun kan náà ni a ń bi wọ́n: "Màmá, ṣé ẹ ṣubú lọ́sẹ̀ yìí?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó fẹ́ gbé mi, mo bá jókòó. Mo sì ti sọ fún ìyàwó mi." A kò rí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ wa nínú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Ẹ pe ilé lónìí. Ẹ béèrè, ẹ má bínú. Kí Ọlọ́run dá àwọn òbí wa sí fún wa, kí a sì bá wọn láyọ̀ nígbà tí a bá lọ sílé. Àmín.