Ta Ló Jẹ Owó Ajílẹ̀?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ a máa wá bi Ifá pé: "Baba, ta ló jẹ owó ajílẹ̀ wa?" Èmi kì í dáfá orúkọ olè. Ṣé ẹ ti ṣí ìwé owó lójú gbogbo ẹgbẹ́? Ẹni tí awo bá dárúkọ ti tẹ́ nìyẹn, kódà bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́.

Ẹ wo Òrìṣà Oko tó ni oko, tí wọ́n fi irin ọkọ́ rọ ọ̀pá rẹ̀. Òun náà ni adájọ́. Láyé àtijọ́, ní Ìràwọ̀, iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lọ. Lójú onítọ̀hún ni o, kì í ṣe lẹ́yìn!

Àwọn kan ní bí a bá ṣíwèé, ẹgbẹ́ á tú. Ẹgbẹ́ tí ẹ ti ń fura síra yín yìí, kí ló kù níbẹ̀? Ẹ kà á sókè ní ìpàdé. Tó bá wá ku ìjà tí a ó parí, obì wà nílé.