Omi Ẹṣin Lọ́jọ́ Ọdún



Àwọn baba wa a máa wí pé a kì í gun ẹṣin kí ìpàkọ́ ẹni má mì. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó wà lórí ẹṣin, tí ìlù ń dún níwájú rẹ̀, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń jó tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò lè ṣàì mọ̀ pé ọjọ́ iyì ni ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò fẹ́ kí a wo ìpàkọ́ ẹni tí ń gun ẹṣin. Mo fẹ́ kí a wo ẹṣin fúnra rẹ̀, àti ẹni tí ó di okùn rẹ̀ mú. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnikẹ́ni, ó tọ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ti ara mi fún yín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní apá Lagelu ń ṣe ìkórè. Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí alága ìkórè gun ẹṣin wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n sì rán láti lọ wá ẹṣin náà. Mo tọ àgbẹ̀ kan lọ ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Lálúpọn, ẹni tí ó ń sin ẹṣin mẹ́ta, tí í máa fi wọ́n háyà fún ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè. Mo bá a dúnàádúrà títí ó fi gba iye tí ó kéré ju èyí tí ó tọ́ sí i lọ, inú mi sì dùn pé mo ṣe iṣẹ́ rere fún ìjọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ fi ẹsẹ̀ rìn, ó fa ẹṣin náà wá. Alága gùn ún, àwọn ènìyàn hó yèè, a ya àwòrán. Nígbà tí alága sọ̀kalẹ̀ tán, a so ẹṣin náà mọ́ òpó kan nínú oòrùn, pẹ̀lú gàárì ní ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí a fẹ́ kí alága tún gùn ún padà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn Mísà, ọmọ náà wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, mo fẹ́ gba omi fún ẹṣin.” Mo ní kí ó ṣe sùúrù, kí àwọn àlejò jẹun ná. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Mo bá a wí pé ṣé kò rí i pé ọwọ́ mi dí ni? Kò wá mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo kọjá lẹ́bàá òpó náà. Ẹnì kan ti fún ọmọ náà ní omi inú ọ̀rá kan kí òun fúnra rẹ̀ mu. Ó ti fi eyín já a, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹṣin náà sì ń lá a. Nígbà tí a tú gàárì, irun àti awọ bá a wá; egbò tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn wà ní ẹ̀yìn ẹran náà. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ ìkórè ni, ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá fún omi òjò àti oúnjẹ inú oko. Ẹ̀dá rẹ̀ méjì sì wà nínú ọgbà ilé rẹ̀, òǹgbẹ ń gbẹ ọ̀kan, ebi ń pa èkejì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí Ìwé Mímọ́. Mo rí i níbẹ̀ pé ìwé Òwe fi ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ṣe àmì tí a fi ń mọ olódodo. Mo rí i pé Mósè pàṣẹ kí màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sinmi ní ọjọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí olówó wọn ti ń sinmi. Mo rí i pé nígbà tí Jónà ń bínú nítorí Ọlọ́run dá Nínéfè sí, Ọlọ́run ka àwọn ẹran ìlú náà mọ́ àwọn tí àánú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti gún mi lọ́kàn ni inú Ìhìn Rere Lúùkù, ní orí 13. Àwọn kan ń bínú pé Olúwa wa wo obìnrin kan sàn ní ọjọ́ ìsinmi. Ó bi wọ́n léèrè ta ni nínú wọn tí kò ní tú ẹran rẹ̀ kúrò ní ibùso ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì fà á lọ mu omi. Ẹ kíyèsí i: Olúwa fi ìtọ́jú ẹran ṣe ohun tí kò sí ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì sí ẹni tí kì í ṣe é. Àgàbàgebè ni ó pe àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, síbẹ̀ ó gbà pé wọn a máa fún ẹran wọn lómi. Èmi kò ṣe tó wọn.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀. Olúwa wa pàápàá lo ẹran tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ ọdún. Nígbà tí ó fẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù, ó rán ọmọ ẹ̀yìn méjì lọ mú ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá, Máàkù sì jẹ́rìí pé nínú iṣẹ́ tí ó rán wọn ni pé a ó dá a padà láìpẹ́. Ọba ògo kò gbàgbé olówó ẹran. Kò tilẹ̀ sí ohun tí ó tó èyí láti kọ́ àwa tí í máa háyà ẹṣin.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ sí abúlé náà. Mo san owó tí mo ti fi ìdúnàádúrà gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo sì fi díẹ̀ kún un fún oògùn egbò. Kò bú mi. Ó ní ẹṣin náà kò ní lè gbé gàárì títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi jiná. Lẹ́yìn náà ni ó mú mi yí ilé ẹṣin rẹ̀ ká. Ohun tí mo rí níbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti máa sin ẹṣin ní Akínyẹlé, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní apá Akánrán, nítorí ẹ ti rí i pé owó wà nínú ayẹyẹ.

Ẹṣin kì í ṣe ọmọ igbó. Láti Òkè Ọya ni àwọn baba wa ti ń rà á. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, nínú ọ̀dàn, àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára ogun Aláàfin, oyè ńlá sì ni oyè Olókùn-ẹṣin ní ààfin. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ti wọ inú igbó, a bẹ̀rẹ̀ sí í rù, a sì máa kú. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin pàdé ogun Ìbàdàn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ará Ìbàdàn tí ń fi ẹsẹ̀ jà ni ó borí. Ìdí àìsàn náà kò hàn gbangba títí di ọdún 1895, nígbà tí dókítà David Bruce fi hàn ní ilẹ̀ Súlù, ní gúúsù Áfríkà, pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. A ti gé púpọ̀ nínú igbó wa lónìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ó so ẹṣin mọ́ etí odò gbàgbé eṣinṣin náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú ẹṣin wá sí àgbègbè wa, ó mú àlejò wá sílé, ẹrù àlejò náà sì wà ní ọrùn rẹ̀.

Àgbẹ̀ náà fi omi bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin kan a máa mu tó 25 lítà ní ọjọ́ kan, nígbà ooru ó lè tó 50, èyí ni kẹ́ẹ̀gì ńlá kan sí méjì. Ó kan oúnjẹ. Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò kò yẹ kí ó jẹ koríko gbígbẹ tí ó dín sí 6 kílò lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa jẹ ẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí ikùn rẹ̀ kò tóbi bí ara rẹ̀. Ọkùnrin náà a máa gé koríko nígbà òjò, a sá a, a kó o pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa ra ewé ẹ̀pà kún un. Ọkà kò ṣe é fún ní àfúnjù, bí ó ti wù kí ẹran náà rù tó. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì, tí ó sì dí i nínú, inú rírun ni yóò dà, inú rírun a sì máa pa ẹṣin láàárín ọjọ́ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń gbé ẹsẹ̀ ẹran kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ òkúta àti ẹrẹ̀ kúrò ní abẹ́ pátákò, ó sì ń pe ẹni tí yóò gé pátákò náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó wọn wọlé, nítorí àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń jẹ ẹran láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀ ni ó ń gbé ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ń pa ẹṣin jù lọ ní Áfríkà káàkiri. Ó ń gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì fún wọn, nítorí ìṣó kékeré kan tó láti pa ẹṣin tí kò gba á. Kò sì ń fi oògùn ojú ọjà dán ara wọn wò. Dókítà ẹranko ni ó ń pè, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ti ẹni tí yóò gùn wọ́n, ìmọ̀ràn àwọn tí ó mọ̀ ni pé kí ènìyàn àti gàárì papọ̀ má ṣe ju ìdámárùn-ún ìwọ̀n ẹṣin náà lọ. Ẹ̀yin àgbà tí ara yín tóbi, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó wọ agbádá!

Ẹni tí ó ra ẹṣin, ẹ̀yin ará, ó ra koríko ojoojúmọ́. Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́, pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò. Ọjọ́ ayẹyẹ kò pọ̀ nínú ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ 365 ni ẹṣin fi ń jẹun. Bí agbára yín kò bá ká méjì, ẹ sin ọ̀kan. Bí kò bá ká ọ̀kan, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a gbin ẹ̀gẹ́.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ènìyàn ń jìyà, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ẹṣin.” Ìjọ Mímọ́ kò dá ọ̀rọ̀ náà sí apá kan. Katikísìmù tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1992 kọ́ni pé a jẹ àwọn ẹranko ní gbèsè inú rere, pé ó lòdì sí iyì ènìyàn láti jẹ wọ́n níyà láìnídìí, ṣùgbọ́n pé kò tọ́ kí a ná lé wọn lórí owó tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú ìṣẹ́ kúrò lọ́rùn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọ tí ó wà lẹ́bàá òpó. Ẹni tí ń di okùn ẹṣin mú ní ààfin Ọ̀yọ́ joyè. Tiwa kò rí oúnjẹ jẹ. Ọkàn kan náà tí kò gbọ́ ti ẹṣin ni kò gbọ́ ti ọmọ náà, ẹ̀bi kan ṣoṣo sì ni. Ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin yín, ṣé ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé? Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ṣé ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹṣin, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí fò yín. Adìẹ tí a so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí a gbé kọ́ sórí ọ̀kadà, àti ewúrẹ́ tí a so mọ́ ibi tí òjìji ti kúrò, Ẹlẹ́dàá kan náà ni ó dá wọn. Ẹranko kò lè pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó ni ín ń wò.

Ní ìkórè ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọ náà tún pe ẹṣin. Kí a tó kọ orúkọ alága sínú ìwé, a kọ orúkọ ẹni tí yóò gbé omi, ẹni tí yóò tú gàárì, àti ẹni tí yóò bu oúnjẹ fún ọmọ tí ó fà á wá. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ omi náà fún mi.

Kí Ọlọ́run tí ń bọ́ ohun alààyè gbogbo fún wa ní ojú tí ń rí òǹgbẹ ẹlòmíràn ní ọjọ́ ayọ̀ wa. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.