Ǹjẹ́ Ẹni Tí Ó Ta Kò Wá Ni Ọ̀tá Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ kí ìpàdé ìjọ tó tún dé.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti kọ ohun tí ìjọ bá sọ sílẹ̀. Ní ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, àbúrò wa kan dìde, ó ní òun fẹ́ mọ iye tí ó kù nínú owó ilé tí a ń kọ́, àti ìdí tí a fi pààrọ̀ bíríkìlà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ariwo ti sọ. Ẹnìkan ní, "Jókòó!" Ẹlòmíràn ní ó ní àwọn tí ó rán an níṣẹ́. Ó jókòó. Àwa sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé: "Gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan." Ẹ̀yin ará, irọ́ ni a kọ. Láti ọjọ́ náà, àyè rẹ̀ ṣófo ní ìsìn.

A mọ ohun tí ó ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá ojú irin wá sí Minna wá sí àjò ni, ìṣọ̀kan sì ni odi ẹni tí ó wà lájò. Bí ẹnìkan bá sọ ohun tí ó yàtọ̀, ó dà bí ẹni pé ó ń wó odi. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kì í ṣe ìṣọ̀kan. Ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ nínú ìpàdé yóò lọ sọ ọ́ lábẹ́ igi dogonyárò níta, níbi tí kò sí ẹni tí yóò fún un lésì, tí kò sì sí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá ṣì í.

Ẹ rántí àwọn Onítẹ̀bọmi ní Èkó. Ní ọdún 1888, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan, W. J. David, yọ Moses Ladejo Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, láìfi ọ̀ràn náà lọ ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Ebenezer. Mojola Agbebi, tí ó ń jẹ́ David Brown Vincent nígbà náà, wà lára wọn. Ó di ọdún 1914 kí ìhà méjèèjì tó parapọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́? Agbebi kan náà ni. Ọdún 26 ni wọ́n fi wá ohun tí à bá fi ìfetísílẹ̀ rí ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Àwọn Aposteli ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìkùnsínú dé nítorí àwọn opó, bí a ti kà á nínú Ìṣe orí 6, wọn kò pe àwọn tí ó ń kùn ní ọ̀tá. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje sí i. Láti inú ìkùnsínú ni iṣẹ́ náà ti jáde.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ta ko ìjọ ni ó jàre. Ẹlòmíràn ń wá ìjà ni. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀, bí a kò bá jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí owó bá pé, kí a ka ìṣirò. Bí kò bá pé, ẹni tí ó bèèrè ti ṣe wá lóore.

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, a ó bẹ ìjọ kí ó jẹ́ kí a tún àkọsílẹ̀ náà ṣe: ẹnìkan bèèrè, a kò sì dá a lóhùn. Kí ó tó di ìgbà náà, àwa tí a kọ irọ́ yóò lọ sí ilé rẹ̀. Ta ni yóò bá wa lọ? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.